Káàdì Agbábọ́ọ̀lù àti Ojú Kan Tó Kù

Dókítà ojú tó yẹ bàbá mi wò ní Ìbàdàn kì í ṣe ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ó ní ojú ọ̀tún ti lọ, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i mọ́. Ó ní ti òsì ṣì wà, ṣùgbọ́n àìsàn kan náà ti wọ inú rẹ̀, ó ń jẹ ẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ bọ̀ wá sí àárín, bí a kò bá sì ṣe iṣẹ́ abẹ kí ọdún tó parí, yóò bá èkejì rẹ̀ lọ. Ó tún un sọ kí n má baà ní n kò gbọ́: ohun tó bá ti lọ nínú ìríran yìí kì í padà. Lẹ́yìn náà ló dárúkọ iye tí iṣẹ́ abẹ náà máa jẹ, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni pé owó náà wà nílé.

Ọdún 1998 ni. Akọ̀wé ni mí ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Ìwó, fáìlì ni mo ń tọ́jú. Mo ti fi ilé ọkọ sílẹ̀ lọ́dún mélòó kan ṣáájú, ìyá mi ti di olóògbé, èmi àti bàbá mi nìkan la jọ ń gbé. Àfáà ni wọ́n. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní kéú kí wọ́n tó bí mi. Kùránì wà lórí wọn látòkè délẹ̀, wọn ò nílò ojú fún ìyẹn. Àwọn ìwé tó kù ni wọ́n nílò ojú fún, àwọn tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn dà kọ nígbà ọ̀dọ́, tí àlàyé wẹ́wẹ́ kún etí bébà wọn. Tí bàbá mi bá ti jókòó ti àwọn ìwé yẹn, tí wọ́n gbé jígí ọlọ́wọ́ tó ń sọ ọ̀rọ̀ kékeré di ńlá lé ojú ìwé, ẹni tó bá kí wọn á dúró pẹ́ kó tó gbọ́ èsì. Ìwé ni ayé wọn.

Bí mo bá kó owó oṣù mi jọ fún ọdún méjì láìjẹ láìmu, kò lè ṣe iṣẹ́ abẹ yẹn. Mo lọ bá àwọn ẹbí, wọ́n ṣàdúrà fún mi. Àdúrà pọ̀ ní Ìwó, n kò kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó yá mo bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí ẹni tó bá ti ní kí n pa ojú dé.

Ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní Amẹ́ríkà, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni. Ní Ìbàdàn, ọkùnrin kan ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń bá èèyàn fi í-méèlì ránṣẹ́. Wàá kọ ọ̀rọ̀ rẹ sórí bébà, yóò tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ wàá padà wá gba èsì tó ti tẹ̀ jáde fún ọ. Ibẹ̀ ni mo ti ro ẹjọ́ ojú fún ẹ̀gbọ́n mi. Èsì tó fún mi kò mú owó wá, òwò ló mú wá.

Ó ní àwọn ará ọ̀hún ń fi owó gidi ra àwòrán àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn. Káàdì kékeré ni, kò tó àtẹ́lẹwọ́, àwòrán wà níwájú, ìtàn ẹni náà wà lẹ́yìn. Ó ní lórí kọ̀ǹpútà, èèyàn lè rí páálí tó kún fún un rà, tí ẹnikẹ́ni kò tíì yẹ̀ wò, tí ẹni tó ń tà á kàn fẹ́ kí ó kúrò nílé òun. Ó ní àwọn kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n yẹ káàdì wò, kí wọ́n fún un ní máàkì láti orí ení dé orí ẹẹ́wàá, kí wọ́n sì tì í mọ́ inú ike líle. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ mú, àwòrán gbọ́dọ̀ wà láàárín gbùngbùn, ojú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ha. Káàdì tí kò ní máàkì lè má ra búrẹ́dì. Èyí tó jọ ọ́ bí ìbejì, tó gba mẹ́wàá, lè kọ́ ilé.

Iṣẹ́ méjì ni ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe, kò ráyè máa yẹ káàdì wò lọ́kọ̀ọ̀kan. “Ìwọ lo ní ojú,” ló kọ sí mi, “èmi ni mo ní kọ̀ǹpútà.” Òun á ra páálí, á fi ránṣẹ́ sí mi. Èmi á ṣà á, màá dá èyí tó dára jù padà sí i, á gbé e lọ gba máàkì, á tà á.

Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Mo tún un kà nínú ọkọ̀ Ìwó, n kò rẹ́rìn-ín mọ́. Mo ta fìríìsà mi tí mo fi ń ṣe omi dídì tà, mo gbé owó rẹ̀ fún ìyá ẹ̀gbọ́n mi nílé, ọmọ wọn sì fi dọ́là tirẹ̀ ra páálí lọ́hùn-ún. Àwọn ará ọ́fíìsì bi mí léèrè ibi tí omi tútù wà. Mo ní ó ti bàjẹ́.

Ó tó ọ̀sẹ̀ méje kí páálí náà tó dé. Mo gbé e wọlé lórí ọ̀kadà, mo gbá a mọ́ àyà bí ọmọ tuntun. Bàbá mi jókòó sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ọmọ kéú ti lọ.

“Kí ló wà níbẹ̀?” ni wọ́n bi mí.

“Àwòrán ni, Bàbá. Àwòrán àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù, èyí tí wọ́n ń jù sínú agbọ̀n.”

Wọ́n mú ọ̀kan, wọ́n gbé e súnmọ́ ojú òsì, wọ́n yí orí díẹ̀ kí wọ́n lè rí i. “Ọkùnrin yìí ò wọṣọ tán.”

“Aṣọ iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn.”

“Ó dáa kí wọ́n má gbé e wá sí Ìwó nínú ọyẹ́.” Wọ́n dá a padà sínú páálí, ẹ̀rín wá kúrò lójú wọn. “Ṣé tẹ́tẹ́ kọ́? Mo gbọ́ pé o ta fìríìsà. Tí tẹ́tẹ́ bá fi ẹsẹ̀ kan wọ inú ẹ̀, má fi tún ojú mi ṣe.”

“Ọjà ni, Bàbá. Bí ẹni tó ra obì lápò tó wá ń ṣa èyí tó dáa sọ́tọ̀ ni.”

Wọ́n rò ó. Ọ̀pọ̀ àwọn ará ilé wa ló ti ta obì rí, ó yé wọn. “Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, má parọ́ fún ẹni tó fẹ́ rà á. Èyí tí igun ẹ̀ bá ti ká, sọ pé ó ti ká. Má jẹ́ kí n gbọ́ pé nítorí mi lo ṣe parọ́.”

Mo ní mo gbọ́.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn. Tí mo bá ti ọ́fíìsì dé, tí mo se oúnjẹ tán, màá tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé, màá yá jígí bàbá mi, màá máa wo igun. Káàdì yẹn pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Àwọn tó ni wọ́n tẹ́lẹ̀ ti fi rọ́bà dì wọ́n títí rọ́bà fi wọ ara wọn. Ẹlòmíràn ti fi bírò ya irùngbọ̀n sí agbábọ́ọ̀lù lẹ́nu. Mo ń bú wọn bí mo ṣe ń ṣa wọ́n. Mo ń bá ọmọ Amẹ́ríkà tí n kò mọ̀ rí jà ní Ìwó, mo ń bi í léèrè bóyá wọn ò kọ́ ọ nílé láti máa tọ́jú nǹkan. Bàbá mi á rẹ́rìn-ín lórí ẹní wọn, wọ́n á ní kí n rọra, pé ẹni náà kò gbọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. Mo ti yẹ ìdajì páálí wò, n kò tíì rí ju mẹ́ta tó dára lọ, oṣù Kẹsàn-án sì ń parí lọ. Bàbá mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi èjìká lu férémù ìlẹ̀kùn tí wọ́n bá ń wọlé. Wọn kì í sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Màá gbọ́ ìró rẹ̀, màá sì tún tẹ orí mi ba sórí káàdì.

Ọjọ́ Àìkú kan ni mo rí káàdì ọ̀dọ́mọkùnrin kan. Ó wà láàárín àwọn káàdì tó lẹ̀ mọ́ra, àwọn tó yí i ká ló dọ̀tí, ìdọ̀tí kò kan òun rárá. Ó na ọwọ́ sókè, bọ́ọ̀lù wà lórí ìka rẹ̀. Igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gún mi. Mo wò ó fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú, n kò rí àléébù, mo sì kọ gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sórí bébà, mo gbé bébà náà lọ fún ọlọ́kọ̀ǹpútà ní Ìbàdàn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e mo gba èsì. “Àbúrò mi, jókòó kí o tó ka ìyókù,” ni ẹ̀gbọ́n mi kọ. Ó ní káàdì ọdún àkọ́kọ́ ọkùnrin náà nínú iṣẹ́ bọ́ọ̀lù ni, pé gbogbo ayé ń wá a. Bí ó bá gba mẹ́wàá, ó ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ó tún ṣẹ́ kù. Bí ó bá gba mẹ́jọ pàápàá, ó ṣe é. Kí n tètè fi ránṣẹ́.

Mo jókòó lóòótọ́, lórí bẹ́ǹṣì ọlọ́kọ̀ǹpútà, mo sì sunkún lójú àwọn tó ń dúró de í-méèlì tiwọn. Láti ibẹ̀ mo gba ọ̀dọ̀ dókítà lọ, mo ní kí ó fún wa ní ọjọ́. Ó fún wa ní ọjọ́ kan nínú oṣù Kejìlá. Nígbà tí mo délé tí mo sọ fún bàbá mi, wọ́n ní alihamudulilahi, wọ́n sì dìde lọ mú ìwé kan sílẹ̀ láti orí pákó, èyí tó ti ń wù wọ́n láti tún kà látòkè délẹ̀. Wọn ò ṣí i. Wọ́n kàn gbé e lé ẹsẹ̀.

Ó ṣẹ́ ku bí káàdì náà yóò ṣe lọ. Olùkọ́ yunifásítì kan tó jẹ́ ọmọ Ìwó ń lọ sí Amẹ́ríkà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ó ní òun á mú un dání. Mo ti ṣa mọ́kànlá jọ, pẹ̀lú ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Èmi tí mò ń tọ́jú fáìlì, mo mọ ohun tí eruku ń ṣe fún bébà, mo mọ ohun tí òógùn ọwọ́ ń ṣe fún un. Mo ronú nípa àpò olùkọ́ yẹn, nípa ìwé rẹ̀ tó máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, nípa omi tó lè dà sí i. Oorun ò kùn mí.

Ẹni tó bá gbé ìlú wa nígbà náà mọ ohun tí a ń ṣe sí bébà tí a kò fẹ́ kó bàjẹ́. A máa ń láminéètì rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́, ìwé ọjọ́ ìbí, fọ́tò ẹni tó dé Mẹ́kà, gbogbo rẹ̀ là ń gbé lọ fún ọkùnrin tó ní ẹ̀rọ, yóò fi í sáàárín ọ̀rá méjì tó mọ́ gaara, ẹ̀rọ á gbóná, ọ̀rá á lẹ̀ mọ́ ọn níwájú àti lẹ́yìn. Eruku ò ní í dé ibẹ̀ mọ́, omi ò ní í dé ibẹ̀ mọ́. Ẹni tí kò bá láminéètì ìwé ẹ̀rí rẹ̀, a máa ń ní kò mọ iyì ohun tó ní. Mo ti fi ọwọ́ ara mi gbé àìmọye ìwé lọ fún ọkùnrin yẹn, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ọ́fíìsì wa. Àti pé, ṣebí inú ike náà ni àwọn tó ń fún káàdì ní máàkì máa tì í sí níkẹyìn? Mo rò pé mo ń ràn wọ́n lọ́wọ́.

Mo gbé mọ́kọ̀ọ̀kànlá fún un. Mo dúró tì í, mo ní kó rọra, mo ní kó nu ẹ̀rọ rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó láminéètì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gé etí ọ̀rá wọn bó ṣe yẹ. Wọ́n ń dán. Mo gbé ọ̀dọ́mọkùnrin náà sókè sí oòrùn, mo sì sọ fún ọkùnrin yẹn pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dára. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn ju ọjọ́ tí mo rí káàdì náà lọ, mi ò ní parọ́.

Olùkọ́ gbé e lọ. Oṣù Kọkànlá wọlé, ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo ń lọ sí Ìbàdàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọlọ́kọ̀ǹpútà á mi orí kí n tó wọlé. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, kò mi orí. Ó na bébà kan sí mi, ó sì wo ibòmíràn, mo wá mọ̀ pé ó ti kà á.

“Kí lo ṣe sí wọn?” ni ẹ̀gbọ́n mi fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní wọ́n dá mọ́kọ̀ọ̀kànlá padà láìfún wọn ní máàkì kankan. Káàdì tí wọ́n bá ti fi ọ̀rá gbóná lẹ̀ ti bàjẹ́, ó dà bí èyí tí wọ́n ya. Ó ní òun gbìyànjú láti ṣí ọ̀kan tí kò níye lórí wò, òun fi abẹ tẹ́ẹ́rẹ́ sí i, ojú agbábọ́ọ̀lù náà sì bá ọ̀rá jáde. Ó ní ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ì bá gba mẹ́wàá. Ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ò rí irú rẹ̀ rí, ẹni tó máa rí wúrà kó sì lọ sè é.

Mo ka bébà náà títí ó fi di pé n kò lóye Yorùbá mọ́. Mo wọ ọkọ̀ padà sí Ìwó, n kò dé ilé, ọ̀dọ̀ oníláminéètì ni mo gbà lọ. Mo bú u. Mo ní ó ti pa mí, mo ní ó yẹ kó ti kìlọ̀ fún mi, mo ní irú iṣẹ́ wo ló ń ṣe tí kò mọ ohun tí ó yẹ kó láminéètì àti ohun tí kò yẹ. Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́.

“Ṣé kò sí ọ̀nà kankan tí wọ́n fi lè yọ ọ́?”

“Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí,” ni ó ní, “tó bá ṣeé yọ, ta ló máa gbé ìwé ẹ̀rí ẹ̀ wá fún mi?”

Ó gbé àga fún mi. Mo jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun alásárì, àwọn oníbàárà ń wọlé, wọ́n ń gbé ìwé wọn kalẹ̀, ẹ̀rọ ń gbóná. N kò ní fìríìsà, n kò ní káàdì, ọ̀sẹ̀ kan péré ló sì kù.

Bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán nígbà tí mo délé. Mo kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹní wọn, mo sọ gbogbo rẹ̀. N kò fi nǹkan kan pamọ́, n kò sì di ẹ̀bi ru ẹnikẹ́ni.

“Ta ló ní kí o gbé e lọ láminéètì?” ni wọ́n bi mí.

“Èmi ni, Bàbá. Mo fẹ́ tọ́jú ẹ̀ ni.”

Wọ́n ń yí tẹ̀sùbáà lọ́wọ́.

“Má sunkún mọ́,” ni wọ́n wí. “Ojú yẹn ti lọ.”

Mo ní kí ni wọ́n sọ.

“Ó ti tó bí oṣù méjì. N ò sọ fún ẹ torí pé mò ń wò ó bó o ṣe ń sáré. Bí owó yẹn bá wọlé lónìí, dókítà ò rí nǹkan kan tún ṣe níbẹ̀. Kì í ṣe ọwọ́ ẹ ló ti wá. Ṣé o gbọ́?”

Wọ́n ń wo ibi tí ohùn mi ti wá, kì í ṣe ojú mi, bí afọ́jú ṣe ń ṣe. Wọ́n ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, nígbà tí mo ń jáde lọ wọkọ̀ Ìbàdàn, bàbá mi ti pè mí padà láti ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní mo yí inú bùbá mi sóde, kí n lọ tún un wọ̀. Òótọ́ ni, mo ti yí i sóde.

N kò gbọ́ irọ́ lẹ́nu bàbá mi rí kí ọjọ́ yẹn tó dé. Ó yẹ kí n sọ pé, Bàbá, ẹ rí bùbá mi láàárọ̀. Ó yẹ kí n sọ pé ọjọ́ méje ṣì wà, kí n tún dìde, kí n tún lọ bá ẹni tí mo ti bá tẹ́lẹ̀ àti ẹni tí n kò tíì bá. Dípò bẹ́ẹ̀, ara tù mí. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí nítorí kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n: mo kúnlẹ̀ níbẹ̀, ara sì tù mí. Mo ní, “Ẹ ṣeun, Bàbá.” Wọ́n ní kí n lọ jẹun.

A ò lọ sí Ìbàdàn lọ́jọ́ tí dókítà dá fún wa. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ tọ́ ògiri tí mo bá wà nílé, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn lọ́wọ́ dání lọ sí mọ́ṣáláṣí. Nígbà mìíràn, tí mo bá tètè ti ibi iṣẹ́ dé, màá gbọ́ tí wọ́n yára pa ìwé dé. Màá dúró díẹ̀ lóde kí n tó sálámà, kí wọ́n lè rí àyè gbé e kúrò lẹ́sẹ̀.

Ojú náà lọ ní tòótọ́ nínú òjò ọdún tó tẹ̀lé e. N kò mọ ọjọ́ rẹ̀. Wọ́n ti sọ fún mi pé ó ti lọ, èmi sì ti dúpẹ́, nítorí náà nígbà tó ń lọ, kò sí ẹni tí bàbá mi lè pè kí wọ́n sọ fún un.